A Ti Padà Sídìí Katúùnù

Nínú ìwé ìròyìn bí irú èyí, ó tọ́ kí a ka orúkọ àwọn ọ̀gá tó ti ṣáájú, kí a ṣírò ilé tí a kọ́, kí a sì bá àwọn ọmọ tó yege nínú ìdánwò yọ̀. Àwọn mìíràn yóò ṣe ìyẹn, wọn yóò sì ṣe é dáadáa. Ohun tí àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kéré sí i, ó tilẹ̀ lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa katúùnù, ìyẹn àwòrán tí a fi kọ̀ǹpútà mú rìn, àti ìdí tí ó fi yẹ kí yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa fi àyè sílẹ̀ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohun tó kan àlùfáà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nínú ọ̀rọ̀ katúùnù, ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí a ti ń bọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2002, a wà ní ìlú kékeré kan tí wọ́n fi wá ṣe olùṣọ́-àgùntàn sí. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wà ní ọ́fíìsì ìjọ, tí a fi ń tẹ ìwé ètò ìsìn àti lẹ́tà ìkésíni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Ìbàdàn wá lo ìsinmi ló fi ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Flash hàn wá, èyí tí ilé-iṣẹ́ Macromedia ń ṣe nígbà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ti ń mú bọ́ọ̀lù ta tàn-ìn tàn-ìn lójú kọ̀ǹpútà. Láàárín oṣù mẹ́ta, a ti mú Ìjàpá gun igi pẹ̀lú agbè ọgbọ́n tó so mọ́ àyà. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, òru la sì fi ṣe é, lẹ́yìn tí ìpàdé àdúrà bá ti parí. Nígbà tí a fi han àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kí a tún un ṣe. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé wa lọ sí ìjọ mìíràn, iṣẹ́ sì pọ̀. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìpàdé ìgbìmọ̀, ilé ìsìn tí a ń kọ́ lọ́wọ́: ta ni yóò rí àyè àwòrán? Àwọn àwòrán náà wọ inú CD, CD wọ inú àpótí, ó sì tó ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó tún tú u.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ẹrù fúyẹ́ díẹ̀ lọ́rùn wa, a tú àpótí náà. Flash tí a mọ̀ ti lọ. Ilé-iṣẹ́ Adobe ra Macromedia ní ọdún 2005. Nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Adobe fi òpin sí ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán Flash jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àìmọye eré àti àwòrán tí àwọn ọmọ aráyé ti ṣe ní bí ogún ọdún di ohun tí kò ṣí mọ́, àfi bí ènìyàn bá mọ ọgbọ́n mìíràn tó lè dá sí i. Ó dà bí ẹni tó ti ìrìn-àjò dé, tó bá a pé wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé mìíràn wà nítòsí tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Blender ni wọ́n ń pe ètò kọ̀ǹpútà yìí, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Ton Roosendaal, ni ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ ti kógbá wọlé. Àwọn tó ni owó nínú rẹ̀ gbà pé àwọn yóò tú u sílẹ̀ bí wọ́n bá rí 100,000 owó Yúrò. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ káàkiri ayé dá owó náà láàárín ọ̀sẹ̀ 7, nígbà tó sì di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Blender di ti gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á, kó lò ó, kó tún un ṣe, kó fún ọmọnìkejì rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Àwa tí a mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń mú nínú owó ọjà wá dáwó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò níláti béèrè pé báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ohun èlò ọ̀fẹ́ yìí náà ni Gints Zilbalodis, ọ̀dọ́ kan láti Latvia, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe fíìmù Flow, ìtàn ológbò kan nínú ìkún-omi, tí ẹnikẹ́ni kò fọhùn nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù katúùnù tó dára jù lọ, ó sì fi àwọn ilé-iṣẹ́ olówó gọbọi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ohun tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a jókòó tì í ni pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò yí padà. Àwòrán 24 ni sinimá ń fi hàn wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú wa ni ó sì ń so wọ́n pọ̀ di ìrìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ya ìṣẹ́jú kan yóò ya 1,440, tàbí kó dín in kù sí 720 bí ó bá lo àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà ti gba ọ̀pọ̀ nínú làálàá yìí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo rẹ̀. Ẹ wo odídẹrẹ́, tí ó wà nínú oríkì Ìwó, tí a sì máa ń gbàdúrà fún pé kó lọ oko kó sì padà wálé ní àlàáfíà. Òun ni a fi dán ọwọ́ wa wò nígbà tí a padà. A gbé ìyẹ́ rẹ̀ sókè nínú àwòrán kìn-ín-ní, a gbé e wálẹ̀ nínú èkẹjọ, kọ̀ǹpútà sì fi àwọn tó wà láàárín kún un fúnra rẹ̀. Ẹyẹ náà fò, ṣùgbọ́n bí abẹ̀bẹ̀ tí ẹnì kan so okùn mọ́ ni ó ṣe ń fò. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wúwo. Ẹyẹ tòótọ́ máa ń tẹ́ ìyẹ́ gbalaja nígbà tó bá ń lù ú sísàlẹ̀, ara rẹ̀ á sì gbéra díẹ̀. Bí ó bá ń gbé e padà sókè, á ká a bí ẹni ká apá. Ìkóóde pupa tó wà nídìí rẹ̀ náà kì í bá ara rìn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn ni ó máa ń tẹ̀lé. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi tún ìlù-ìyẹ́ kan ṣoṣo ṣe. Láti ìgbà náà, a kò lè rí àdàbà lórí òrùlé kí a má dúró wò ó, àwọn ará ilé wa sì ti ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà.

Àǹfààní kìn-ín-ní rèé, a kò sì mọ ìwé ẹ̀kọ́ tó lè fún ọmọ ní irú rẹ̀ kíákíá: ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan rìn yóò kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí a mú kálàmù lónìí ju èyí lọ. Ó kan èdè wa àti ìwà wa.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà ti ya àtẹ ẹnu sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: bí ẹnu ṣe ń rí nígbà tí ènìyàn bá pe A, bí ó ṣe ń ká róbótó fún O, bí ètè méjèèjì ṣe ń pàdé fún M àti B. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ni ó gbé àtẹ yìí sínú. Nígbà tí a fi ohùn Yorùbá sí ẹnu Ìjàpá wa, ìyà ni ó jẹ wá. Gb tiwa kò sí nínú àtẹ náà, bẹ́ẹ̀ ni p tiwa kì í ṣe p ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ni ó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún méjèèjì. Ẹnu ọ là ju ẹnu o lọ, ẹnu ẹ sì là ju ẹnu e. Bí a bá fi ẹnu tí a fi ń pe “oko” sí ohùn tó ń pe “ọkọ”, ọmọdé tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ẹnu yẹn kò bá ohùn mu. Àwọn ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ẹnu kan náà ni gbogbo wọn, ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ti ya ara wọn. Ibi tí a ti rí ìyàtọ̀ díẹ̀ ni ojú àti ọrùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí ó máa ń bá ọ̀rọ̀ lọ sókè sódò. A níláti ya àtẹ ẹnu tiwa fúnra wa. A kò tíì parí rẹ̀.

Ti ara wá ju ti ẹnu lọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn ti kó oríṣiríṣi ìrìn jọ tí ẹnikẹ́ni lè mú lò: ìrìn ẹni tó ń sáré, ẹni tó ń jà, ẹni tó ń jó, ẹni tó ń bọ ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. A wá ìdọ̀bálẹ̀ títí, a kò rí i. Ti ìkúnlẹ̀ tí a rí, ti ẹni tí ọta bà ni. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́jọ́ ìgbéyàwó yàtọ̀ sí bí abiyamọ ṣe ń kúnlẹ̀ tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ti ìdí ọmọ mú. Ti ọmọbìnrin tó gbé igbá sórí, tó pàdé ìyá rẹ̀ lọ́nà ọjà Odò-Orí, tó kàn tẹ orúnkún díẹ̀ kí ẹrù má baà dà, yàtọ̀ pátápátá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sí nínú ẹ̀rọ, nítorí pé ẹni tó kó nǹkan sínú ẹ̀rọ kò mọ̀ wọ́n. Ọmọ Ìwó tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ títí di alẹ́ lè wo ẹgbẹ̀rún katúùnù láìrí ẹnì kan tó kí àgbà bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé rẹ̀. Bí ọdún bá gorí ọdún, ewo ni yóò jẹ́ àjèjì lójú rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni. Ní orílẹ̀-èdè Niger, tó bá wa pààlà ní àríwá, Moustapha Alassane, tí wọ́n bí ní ọdún 1942, ti ń mú àwòrán rìn láti ọdún 1965, nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà nílé ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Norman McLaren ní Kánádà, ó padà sílé, ó sì sọ ọ̀pọ̀lọ́ di ọba àti ààrẹ. Nínú Bon Voyage Sim, tó ṣe ní ọdún 1966, ààrẹ ilẹ̀ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ rìnrìn-àjò lọ bá ààrẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fáàrí. Ìgbà tí yóò fi padà dé, ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ará Nàìjíríà kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ẹni ọdún 59 ni ọkùnrin yìí nígbà tó ṣe Kokoa ní ọdún 2001, níbi tí ó ti mú àwọn ẹranko ja ìjàkadì bí wọ́n ṣe ń jà á nílẹ̀ Hausa. Ọjọ́ orí náà ni a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Nílé tiwa, Lady Buckit and the Motley Mopsters jáde ní ọdún 2020, Blessing Amidu ni ó gbé e jáde, Adebisi Adetayo sì darí rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni Disney gbé Iwájú jáde pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ Kugali, ìtàn Èkó ọjọ́ iwájú ní apá 6. A wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wa, inú wa sì dùn. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù lẹ́nu wọn.

A ti gbọ́ ohun tí òbí yóò sọ. Wọn yóò ní, “Ẹ̀yin Bàbá, ṣé katúùnù ni yóò gbé ọmọ mi wọ yunifásítì?” Rárá o. Láti ọdún 2015 tí ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, a mọ ìdí tí àwọn òbí fi ń dáwó ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ẹ̀kọ́, a sì ti dá tiwa náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá tí ọmọ kò ti ṣe ohunkóhun ju pé kó tẹ A, B, C tàbí D kò kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà; ìdánwò ni ó kọ́ ọ. A kò ní ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nítorí owó nìkan ni a fi gba ọmọ láyè láti yàwòrán, ọjọ́ tí owó kò bá dé ni a ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é nítorí pé ó wù ú. Nígbà tí a wà ní ọmọdé ní Ìwó yìí, ta ni ó sanwó fún wa láti fi amọ̀ mọ màlúù létí odò?

Àwọn mìíràn sọ pé ẹ̀rọ ti dé tí ènìyàn kàn lè kọ gbólóhùn kan fún, tí yóò sì gbé àwòrán tó ń rìn jáde kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Kí ni a ń fi ọjọ́ mẹ́rin lu ìyẹ́ ẹyẹ fún? A dán ọ̀kan wò. A ní kó fi ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá hàn wá, tó ń kí ìyá rẹ̀ àgbà ní òwúrọ̀. Ìyá àgbà tó yà rẹwà, gèlè rẹ̀ dúró dáadáa. Ọmọ náà wọlé, ó sì na ọwọ́ sí i kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó gbádùn kí ẹlòmíràn máa bá òun jẹ iyán òun kò tíì wọ́pọ̀ láàárín wa.

Ní ti ọ̀rọ̀ pé àgbàlagbà kò yẹ nídìí eré ọmọdé, àlùfáà ẹlẹgbẹ́ wa kan tilẹ̀ ti fi òfin kejì bá wa ṣàwàdà. A rán an létí Bésálẹ́lì, oníṣẹ́-ọnà tí Mósè dárúkọ níwájú gbogbo ìjọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a fi odídẹrẹ́ náà ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti fẹ̀yìn tì tàbí a ti ń sún mọ́ ọn. A mọ ẹni tó ń fi fèrè kọ orin nígbà náà, a mọ ẹni tó ń fi ike àti pákó ṣe rédíò, a mọ ẹni tó ń ya ọ̀gá àgbà sẹ́yìn ìwé ìṣírò. Níbo ni àwọn nǹkan wọ̀nyẹn wà? Ọwọ́ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n nínú ìrírí tiwa, bí ènìyàn bá jókòó tì í fún oṣù kan, ọwọ́ á rántí. Ojú tilẹ̀ ti gbọ́n sí i ju ti ìgbà yẹn lọ, nítorí pé a ti wo ènìyàn fún ọgọ́ta ọdún.

Ohun tí a ń bẹ ìgbìmọ̀ àjọ̀dún àti àwọn olùkọ́ fún kò pọ̀. Kí wọ́n fún wa ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ní ọ̀sán Ọjọ́rú lẹ́yìn ìjáde. Kí ó má jẹ́ ọ̀sán Jímọ̀, nítorí àwọn ọmọ wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Kò gbọdọ̀ sí máàkì níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ìdánwò. Èdè Yorùbá ni kí wọ́n máa sọ nínú ohun tí wọ́n bá ṣe. Blender kò ní ná wa ní kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà 6 tó lágbára díẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó le jù ni iná, nítorí ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń pa àwòrán pọ̀ di fíìmù, ó lè ṣiṣẹ́ di ọ̀yẹ̀ là, bí iná bá sì lọ láàárín òru, àárọ̀ ni a ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá ń wá ohun tí wọn yóò fi ṣe ẹ̀bùn àjọ̀dún, bátìrì àti páànẹ́lì sólà fún yàrá yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Yunifásítì Bowen wà ní òkè níbẹ̀ yẹn, lórí ilẹ̀ Baptist College àtijọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kì yóò ṣàìrí ẹni méjì tí yóò máa bá wa yọjú. Àwa náà yóò máa wá, bí ìlera bá wà.

Àlọ́ ni ó kù. Àwọn ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n ní ohùn Ìwó gan-an kò pọ̀ mọ́ ní ìsàlẹ̀ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ni a kọ́kọ́ nílò kí a tó ya ẹnu tí yóò bá a mu. Ẹ̀yin òbí tí ìyá yín bá ṣì wà láàyè, ẹ bá wa jókòó tì wọ́n ní alẹ́ kan kí ọdún tó parí, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Fóònù lásán ti tó. Ẹ ti fèrèsé nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.